Orúnkún Tó Gun Àtẹ̀gùn fún Fọlákẹ́

Màámi, ẹ kú ilé o. Ọmọ yín tó wà ní Àkúrẹ́ kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú òjò, ẹ kú ìtọ́jú ara, ẹ kú orúnkún tó ń dùn yín. Mo kí ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ jókòó yí Màámi ká lórí àga iwájú lẹ́yìn ìsìn, nítorí mo mọ̀ pé Màámi ló ń ka ojú ewé yìí sí yín létí, bí wọ́n ti ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Tíṣà kì í fẹ̀yìn tì tán. Mo kí Baba Ìjọ, mo kí àwọn akọrin. Kí Ọlọ́run máa fún Dádì wa ní ìsinmi níbi tí wọ́n sùn sí.

Mo mọ̀ pé àwọn ará Kánádà àti Lọ́ńdọ̀nù ló máa ń kọ lẹ́tà sí ojú ewé yìí. Àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín pé ta ló ń ti Àkúrẹ́ kọ lẹ́tà ìdálẹ̀ sí Oǹdó, níbi tí ènìyàn lè wọ takisí lọ kí ó sì padà dé kí ẹ̀wà tó jinná. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn: ọ̀nà náà ò jìn. Màámi, ẹ kì í ka ọ̀rọ̀ gígùn lórí fóònù, ẹ máa ń ní ojú ń dùn yín. Ṣùgbọ́n ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ máa ń kà á dé orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e gba ibí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìlà kankan. Èmi ni mo ń to ojú ewé yìí kí n tó kúrò nílé, mo mọ irú ìlà tí ẹ máa ń fò.

Ẹ jẹ́ kí n to ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀ ná, kí a sì mọ ẹni tó mọ̀ sí i. Ẹ wá sí Àkúrẹ́ ní Ìṣẹ́gun tó kọjá, ẹ dé ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣe áítì, ìkọ́ṣẹ́ tí ilé ìwé gíga ní kí a lọ ṣe, ẹ sì padà sí Oǹdó láìrí mi. Ẹ̀yin mọ̀. Àǹtí Bọ́sẹ̀ tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Ijapo mọ̀. Fọlákẹ́ mọ̀. Èmi nìkan ni n kò mọ̀. Nígbà tí ẹ dé ọ́fíìsì yẹn, ẹ fa Fọlákẹ́ lé ọ̀gá mi lọ́wọ́, ẹ ò fa èmi. Gbogbo ọ́fíìsì ló mọ ìyẹn, títí dé orí ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì. Nítorí èyí, Fọlákẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa bá wọn lọ sí iṣẹ́ ìta lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi tí mo ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ni wọn ó fi sílẹ̀ ti ẹ̀rọ fótókọ́pì. Ìyẹn náà, ẹni tó bá ní òun ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti wá mọ̀ báyìí.

Fún ẹni tí kò bá mọ ìdílé wa dáadáa, ọmọ àbúrò Màámi tó ti dolóògbé ni Fọlákẹ́. Kékeré ló ti wà nílé wa. Ibùsùn kan náà la jọ ń sùn, àtíkè kan náà la jọ ń pa. Èmi ń kọ́ ìmọ̀ òwò, òun ń kọ́ ìṣirò owó. Oǹdó níbẹ̀ ló yẹ kí ó ti ṣe áítì tirẹ̀, ibẹ̀ yẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, Àǹtí Bọ́sẹ̀ sì bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gbà á. Èmi ni mo wá àyè tèmi fúnra mi. Mo kọ̀wé, mo lọ, mo tún lọ, títí wọ́n fi ní kí n wá. N ò sọ ọ́ láti fi yangàn. Mò ń sọ bó ṣe rí ni.

Ọ́fíìsì wa jẹ́ ti àwọn ọ́dítọ̀, àwọn tó ń yẹ ìṣirò owó ilé iṣẹ́ mìíràn wò bóyá ó pé. Àjà tó ga jù ni a wà, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè, àtẹ̀gùn ni. Akáúńtáǹtì àtijọ́ ni Ọ̀gá. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bàbá àwọn ló mú àwọn lọ bí ẹni ń mú ọmọ lọ sí ìdí iṣẹ́ télọ̀. Ó di ọwọ́ àwọn mú, ó fi lé ọwọ́ ọ̀gá tó máa kọ́ àwọn níṣẹ́, ó sì sọ níwájú gbogbo ènìyàn pé ohun tí ọmọ yìí bá ṣe, òun ló ṣe é. Nítorí náà, kò sí ọmọ áítì tó lè fọwọ́ kan fáìlì oníbàárà lọ́dọ̀ wọn, àfi tí ẹni tó tọ́ ọ bá wá fà á lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní àṣírí ọlọ́jà ló wà nínú fáìlì. Wọ́n ní ìwé àdéhùn tí ọmọdé bá fọwọ́ sí kò lè di ẹnu rẹ̀, ìyá ló ń di ẹnu ọmọ.

Mo gbọ́, mo rò pé ohun tí a lè yanjú kíákíá ni. Mo tẹ ìwé onídùúró, mo fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ fọwọ́ sí i. Ọ̀gá kà á, wọ́n fi sínú dúrọ́ọ̀. Mo ní ẹ ó pè wọ́n lórí fídíò. Wọ́n bi mí bóyá orí fóònù ni wọ́n ti fa ìyá mi lé bàbá mi lọ́wọ́. Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Mo ní kí Àǹtí Bọ́sẹ̀ tẹ̀lé mi wá. Wọ́n ní ṣé Àǹtí ló tọ́ mi dàgbà ni. Nígbà náà ni mo pè yín.

Ẹ ó sọ pé èmi ni mo ní kí ẹ má wá. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ ọ́. Ẹ ní orúnkún, ẹ ní Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá ń múra ìdúpẹ́, ẹ béèrè bí àtẹ̀gùn náà ṣe ga tó. Mo ní ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, mo máa wá ọ̀nà kan. Ẹ ní Mojí mi, mo mọ̀ pé wàá rí ọ̀nà. A sì dágbére. Màámi, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ wa ní àṣà. Bí àlejò bá wọlé, tí a ní kí ó wá jẹun, tó ní rárá o, mo ti yó, ṣé a kì í gbé iyán ka iwájú rẹ̀ ni? Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé rárá àkọ́kọ́, ẹnu ló sọ ọ́, inú kò tíì sọ tirẹ̀. Èmi ọmọ yín sọ rárá kan ṣoṣo, ẹ palẹ̀ àwo mọ́.

Ó wá di Ìṣẹ́gun. Iṣu tí Àǹtí bẹ láàárọ̀ pọ̀ ju tiwa lọ. Mo bi wọ́n pé ta ló ń bọ̀. Wọ́n ní àlejò láti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ẹ kú àlejò, mo jáde. Ọ̀gá rán mi lọ sí báńkì, ìlà gùn, nígbà tí mo sì máa fi jáde, òjò ká mi mọ́ ìta. Ẹ mọ òjò Àkúrẹ́, ẹ̀yìn òkè ló máa ń sá pamọ́ sí, ìgbà tó bá yọ ló ti dé. Mo gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú bàtà tó kún fún omi. Fọlákẹ́ ni mo bá lórí àga tó kọjú sí tèmi. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi tí mo fi sílẹ̀ nílé ní Oǹdó, wọ́n ti lọ̀ ọ́ dáadáa. Fáìlì oníbàárà wà níwájú rẹ̀, irú èyí tí èmi kò tíì ṣí rí. Ó dìde, ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú òjò.

Ìyá Títí tó ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ Àkúrẹ́ gidi tí ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lọ́fun rẹ̀, òun ló sọ bó ṣe lọ fún mi. Ó ní ṣé ìyá mi ni ìyẹn, pé ẹwà wọn ò ṣá. Ó ní ẹ wọ aṣọ búlúù, ẹ di irin àtẹ̀gùn mú, ẹ sinmi, ẹ tún gùn, ẹ ń pe Jésù títí ẹ fi dé òkè. Wọ́n gbé àga fún yín, ẹ ní rárá, ohun tí ẹ bá wá ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ di ọwọ́ Fọlákẹ́ mú, ẹ fi lé ọwọ́ Ọ̀gá. Ẹ ní ọmọ yín nìyí. Ẹ ní bí ọ̀rọ̀ ibí yìí bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, ẹnu yín ló ti jáde. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ọwọ́ yín ni kí wọ́n dì. Ẹ wá gbàdúrà. Ìyá Títí ní àmín rẹ òun. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá béèrè pé èkejì ńkọ́, Mojísọ́lá. Ó ní ẹ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ ní ìyẹn? Ìyẹn ti di ọkùnrin. Ẹ ní bí wọn ò bá ṣọ́ra, òun ló máa fa Ọ̀gá fúnra wọn lé ènìyàn lọ́wọ́. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá Títí náà tún rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́ fún mi, kí ó tó rí ojú mi.

Wọ́n ní ẹ ò lè dúró, pé ẹ ní ìpàdé ní Oǹdó.

Màámi, ẹ ti dé ibi tí ẹ máa ń fò. Ẹ kà á sókè, kí àwọn ìyá gbọ́. Owú ń jẹ mí. N ò ní pè é ní àárẹ̀, n ò sì ní pè é ní ìrònú. Mò ń jowú ṣẹ́ẹ̀tì mi lọ́rùn ẹlòmíràn. Mò ń jowú àdúrà tí gbogbo ọ́fíìsì ṣe àmín sí, tí èmi wà lábẹ́ òjò. Mò ń jowú orúnkún yín, tí kò lè gun àtẹ̀gùn yẹn fún mi, tó sì gùn ún fún Fọlákẹ́.

Owú náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí ọjọ́ àbẹ̀wò kan nígbà tí èmi àti Fọlákẹ́ ń gbé nínú ọgbà ilé ìwé. Ẹ gbé kúlà ìrẹsì dé abẹ́ igi máńgòrò, kò sí ibi ìjókòó, ẹ ní Mojí, lọ bá wa wá bẹ́ńṣì. Mo lọ. Àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ ló fi gbogbo bẹ́ńṣì ṣe tiwọn. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ṣèlérí pé mo máa fọ aṣọ, mo gbé bẹ́ńṣì lórí wá. Nígbà tí mo fi dé, Fọlákẹ́ ti ń sunkún pé òun fẹ́ máa bọ̀ nílé, orí rẹ̀ wà lórí itan yín, ẹ sì ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Ẹ jókòó, òun jókòó, kúlà jókòó, bẹ́ńṣì kún. Ẹ ní Mojí ṣeun, kò sí ohun tí ọmọ yìí ò lè rí ṣe. Mo dúró jẹ ìrẹsì tèmi. Inú mi sì dùn o, pé èmi ni mo rí bẹ́ńṣì.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí mo ṣe wà. Ara mi le. Ijapo dára, ó dákẹ́, géètì ni gbogbo ilé. Nílé wa, kí n tó rìn dé oríta, mo ti kí gbogbo àdúgbò, ẹnìkan á sì ti sọ pé mo rù. Níbí, ajá ló ń kí mi. Àǹtí ń ṣe dáadáa sí mi, ṣùgbọ́n wọ́n tètè ń sùn, tẹlifíṣọ̀n ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Owó ọkọ̀ ni ọ́fíìsì ń fún wa, mo mọ bí mo ṣe ń ná an, ẹ má ronú ìyẹn. Kì í ṣe owó ni mò ń béèrè.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n fi ìwé sínú ẹ̀rọ, kí n yọ ọ́ jáde, kí n gbé e lọ síbi tí wọ́n bá rán mi. Nígbà tó sú mi, mo to yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Àwọn páálí ti ga kan òrùlé, ọdún tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn án ti jìnnà. Mo gbá a, mo to páálí, mo lẹ orúkọ mọ́ ìta wọn láìṣí ọ̀kankan. Ọ̀gá wọlé, wọ́n wò yí ká, wọ́n ní kí Ọlọ́run fún àwọn ní irú ọmọ báyìí púpọ̀. Wọ́n wá ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sápò ara wọn.

Iṣẹ́ ìta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ ní Ìlárá-Mọ̀kín ni wọ́n ń lọ. Wọn ó ka àpò tó wà nílẹ̀, wọn ó fi wé ohun tó wà nínú ìwé. Bí iṣẹ́ wa ṣe ń jẹ́ iṣẹ́ nìyẹn. Àwọn tó bá bá Ọ̀gá lọ irú ìrìn yìí ni wọ́n ń mọ̀, àwọn náà ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè lẹ́yìn tí wọ́n bá gboyè. Ẹni tó bá parí áítì rẹ̀ nídìí fótókọ́pì, wọ́n á kí i pé ó dàbọ̀.

Mo bá Fọlákẹ́ sọ ọ́ ní kíṣìnnì nígbà tí a dé láti ibi iṣẹ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò pè mí. Ó ní òun fẹ́ pè, ẹ̀yin lẹ ní kí òun bá mi lójijì, pé inú mi máa dùn. Ó gbé ẹran díńdín tí ẹ fi rán an jáde, ó pín in sí méjì, ó fi apá tó pọ̀ sọ́dọ̀ mi. Mo ní n ò jẹ. Nígbà tó lọ wẹ̀, mo jẹ ẹ́. Nígbà tó padà dé, ó rí àwo, ó wá bi mí bóyá kí òun sọ fún Ọ̀gá pé òun ò lọ sí Ìlárá mọ́. Mo ní kí ó má sọ ìsọkúsọ. Dáadáa rẹ̀ yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Bó bá jẹ́ ọmọ burúkú ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Ọ̀gá. Mo ní wọ́n ṣáà gbọ́ ohun tí ìyá mi sọ, pé mo lè dá dúró, kí wọ́n kọ orúkọ mi mọ́ àwọn tó ń lọ. Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn. Wọ́n ní àwàdà ni ìyá mi ṣe, ó pa àwọn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn kì í fi àwàdà gba ọmọ. Wọ́n ní ọmọ tó bá fa ara rẹ̀ kalẹ̀, lọ́jọ́ tó bá ṣubú, ta ni kí àwọn pè? Ẹ mọ̀ mí, Màámi, èsì kì í wọ́n mi. Lọ́jọ́ yẹn, ìdí ẹ̀rọ mi ni mo padà sí. Ìbéèrè yẹn ni mo wá gbé fún yín, nítorí ẹ̀yin lẹ lè dáhùn rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Ẹ wá fà mí lé Ọ̀gá lọ́wọ́. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tí a wọ̀ lónìí yìí ni, kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, nítorí ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ náà ni Ọ̀gá máa kọ orúkọ àwọn tó ń lọ sí Ìlárá, wọn kì í sì í kọ orúkọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa bírò dé. Ẹ wọ takisí àárọ̀ ní gáréèjì, iwájú ni kí ẹ jókòó sí, kí orúnkún lè rí ibi nà sí. Mo máa dúró dè yín ní géètì. Ẹ má rán Àǹtí, ẹ má pe fídíò. Ẹ má sọ fún wọn pé mo ti di ọkùnrin. Ẹ di ọwọ́ mi mú, kí ẹ pè mí ní ọmọ yín, kí Ìyá Títí gbọ́ ọ. Bí mo bá sì pè yín kí Ọjọ́bọ̀ tó pé, tí mo ní ẹ má yọ ara yín lẹ́nu mọ́, ẹ má gbọ́ mi. Ẹ gbé iyán náà ka iwájú mi.

Bí aago méjìlá bá lù tí ẹ ò dé, n ò ní bínú síta, n ò sì ní béèrè mọ́ láéláé. Ẹ mọ̀ pé mo lè ṣe é.

Ní ti àtẹ̀gùn, mo ti bá ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì sọ ọ́. Ó máa gbé bẹ́ńṣì sí ibi tí àtẹ̀gùn ti yà, ní gbogbo ibi tí ẹ bá ti fẹ́ sinmi. Bẹ́ńṣì gígùn ni mo sọ. Mo fẹ́ jókòó tì yín lọ́tẹ̀ yìí.

Kí Ọlọ́run fún orúnkún yín lágbára, kí Ó má jẹ́ kí ẹ gun òkè òfò. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn aládùúgbò tó ń sọ pé mo rù, ẹ sọ fún wọn pé mo tún rù sí i. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ gbọ́ lẹ́tà yìí, ẹ ṣeun, ẹ bá mi rán wọn létí lọ́jọ́rú. Fọlákẹ́ kí yín. Kò mọ̀ pé mò ń kọ ọ́.

Èmi ni ọmọ yín, tí kò tíì di ọkùnrin,

Mojísọ́lá